ỌMỌDÉ TÍ Ń ṢẸ́JÚ LÉRALÉRA: OHUN TÍ Ó LÈ FÀ Á ÀTI OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÒBÍ ṢE

Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kò sí àdúgbò kan ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, tí ìyá kan kò ní í kíyèsí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ń ṣẹ́jú ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ náà a máa pa ìpéǹpéjú dé, a sì tún là á, léraléra, bí ẹni tí iyanrìn wọ̀ lójú. Kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ojú náà wò, ìdájọ́ a ti dé. Bàbá a ní ọmọ náà ń sín ẹlòmíràn jẹ, a sì fi pàṣán lé e lọ́wọ́. Ìyá àgbà a ní àmì ohun tí ń bọ̀ ni. Aládùúgbò a já ewé wá láti fún oje rẹ̀ sí i lójú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wò ó.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín kò ṣòro. Ṣíṣẹ́jú kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí ojú ń rán sí òbí ni. Ẹni tí a bá sì rán iṣẹ́ sí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó fèsì. Nígbà púpọ̀, ohun kékeré ni iṣẹ́ náà ń sọ, èyí tí yóò kọjá lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ń sọ ohun tí ó lè gba ìríran lọ́wọ́ ọmọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Wíwò dáadáa ni ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Oògùn tí a kò mọ̀ tí a sì dà sí ojú ni ó sì ń sọ èyí tí ó kéré di ńlá.

I. IṢẸ́ TÍ ṢÍṢẸ́JÚ Ń ṢE

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ṣíṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi í wọn àkókò. Láti inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, ìṣẹ́jú, ti wá. Ohun tí ó bá sì yá kánkán, wọn a ní ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn. Ìpéǹpéjú ni ilẹ̀kùn ojú, òun náà sì ni aṣọ ìnujú rẹ̀. Bí ó bá ti ń pa dé, a máa tẹ́ omijé sí iwájú ẹyinjú kí ó má baà gbẹ, a sì máa gbá eruku lọ sí igun ojú lẹ́bàá imú. Ihò kékeré kan wà ní igun náà tí omijé ń gbà ṣàn lọ sínú imú. Ìdí nìyí tí imú ẹni tí ń sunkún fi ń ṣe omi.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá a máa ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ìgbà méjì tàbí mẹ́ta péré ni, bí ó bá sì ti ń dàgbà ni iye náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọmọ tuntun tí ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ láìṣẹ́jú kò ní àrùn kankan. Ọmọ ọwọ́ tí ń ṣẹ́jú bí àgbàlagbà, pàápàá tí ó bá ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ni ó yẹ kí a tètè gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Ní 2001, àwọn dókítà ojú kan ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ọmọ 99 jáde, àwọn tí a mú wá nítorí ṣíṣẹ́jú àṣejù nìkan. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí 37 ni ó ní ohun tí ń yọ ìpéǹpéjú tàbí iwájú ẹyinjú lẹ́nu. 23 jẹ́ àṣà iṣan. 14 ni awò ojú tọ́ sí. 11 sì jẹ́ àwọn tí ojú wọn kan ń ṣáko lọ sí ẹ̀gbẹ́. Houston jìnnà sí Èkìtì, ọyẹ́ kò sì fẹ́ níbẹ̀; nítorí náà iye wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìhín. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ènìyàn ojú kan náà ni, àwọn okùnfà wọ̀nyí sì wà ní ibi gbogbo. Ó dára kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

II. OHUN TÍ Ó WỌ OJÚ

Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ọmọ ń ṣẹ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí omi sì ń dà nínú ojú náà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti wọ̀ ọ́. Ní àkókò fífẹ́ ìrẹsì, ìyàngbò a máa fò káàkiri àgbàlá. Nígbà tí a bá ń bó àgbàdo tàbí tí a bá ń la igi ìdáná, ọmọ tí ó dúró nítòsí ni ó ń gbà á sí ojú. Kòkòrò kékeré pẹ̀lú a máa wọlé, a sì máa fara pamọ́ sí abẹ́ ìpéǹpéjú òkè.

Kí òbí fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó mú ọmọ jókòó ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì máa da omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù sí ojú náà díẹ̀díẹ̀. Bí ohun náà bá wà lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí ó rọra di irun ìpéǹpéjú náà mú, kí ó fà á bo ti ìsàlẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀. Irun ti ìsàlẹ̀ lè gbá ìdọ̀tí náà jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ahọ́n lá ojú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ tàbí etí aṣọ tọ́ ọ. Ohun tí ó bá gún ẹyinjú, kí a má ṣe yọ ọ́ ní ilé rárá. Kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí ó ti wà.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò yàtọ̀. Bí oògùn tí a fi ń fọ́n kòkó bá ta sí ojú ọmọ, kí a má ṣe wá ohun kankan bí kò ṣe omi mímọ́. Kí a là ojú náà, kí a sì máa da omi sí i láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá. Ohun tí a bá ṣe nínú oko ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ lè jù ohun tí dókítà lè ṣe lẹ́yìn náà lọ. Bí omi mímu tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì bá ni ó súnmọ́ jù lọ, òun ni kí a lò.

III. ỌYẸ́, ERUKU ÀTI OJÚ TÍ Ń YÚN

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ó ń ṣe ojú ni ó ń ṣe imú. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nínú àrùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí ń mú àwọn ọmọdé lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ilẹ̀ yìí. Ara àwọn ọmọ kan kò fẹ́ eruku, tàbí àtàǹpẹ̀ òdòdó, tàbí èéfín. Bí wọ́n bá ti pàdé rẹ̀, imú a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe omi, wọn a máa sín, ojú a máa yún wọn, wọn a sì máa ṣẹ́jú láìsinmi.

Àmì pàtàkì rẹ̀ ni yíyún. Ojú méjèèjì ni ó ń mú. Ọmọ a máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Funfun ojú a dà bí ẹni pé ó ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ń jáde nínú rẹ̀ a sì máa fà bí okùn funfun. Àwọn ọmọkùnrin ni ó ń mú jù. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́wàá, a máa lọ a sì máa padà ní àkókò ọdún, púpọ̀ nínú wọn a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bàlágà.

Àrùn yìí kì í ràn. Kò sì sí ìdí láti yọ ọmọ náà kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Aṣọ mímọ́ tí a rì bọ omi tútù, tí a sì gbé lé ìpéǹpéjú tí ó pa dé, a máa dín yíyún náà kù. Kí a jìnnà sí ibi tí a ti ń gba ilẹ̀ gbígbẹ. Kí a kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀. Ìyá tí ń dín gàrí kò gbọdọ̀ pọn ọmọ sí ẹ̀yìn nínú èéfín, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ tí ó ti ń rìn jókòó sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Rírá ojú náà ni ó yẹ kí a fi sùúrù gbà ọmọ níyànjú láti dẹ́kun, nítorí ọmọ tí ó bá ń ra ojú fún ọdún púpọ̀ lè ba iwájú ẹyinjú rẹ̀ jẹ́. Bí yíyún náà kò bá dínkù, oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ojú ni ó gbọdọ̀ yàn án.

IV. APOLO ÀTI OJÚ TÍ Ń ṢE IPIN

Ní 1969, àrùn ojú tuntun kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní ilẹ̀ Ghana. Ọdún náà ni ọkọ̀ òfuurufú Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, àwọn ènìyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ náà pe àrùn náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní Apolo títí di òní. Ojú a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi a máa dà, ìpéǹpéjú a wú, ọmọ a sì máa ṣẹ́jú nítorí pé ojú ń ta á. Apolo kò dà bí yíyún ti ọyẹ́, nítorí òun a máa ràn kíákíá nípa ọwọ́, aṣọ ìnujú àti ìrọ̀rí. Kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ní wíwo ojú aláìsàn ni ènìyàn fi ń kó o. Ọṣẹ àti omi ni odi rẹ̀. Kí aṣọ ìnujú ọmọ náà dá wà, kí ó sì dúró sílé títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí ipin bá ń jáde tí ìpéǹpéjú sì ń lẹ̀ mọ́ra ní òwúrọ̀, kí a fi òwú mímọ́ àti omi tí a ti sè nù ún láti igun imú lọ sí ìta, kí a má sì fi òwú kan náà kan ojú kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan ni ojú rẹ̀ wú tí ó sì ń ṣe ipin, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Nígbà ìbí ni ó lè ti kó àrùn náà lára ìyá, ó sì lè fọ́ ojú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àrùn yìí ni ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù di afọ́jú kí dókítà Credé ti ìlú Leipzig ní Jámánì tó fihàn, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1881, pé oògùn tí a bá kán sí ojú ọmọ ní kété tí a bá bí i lè dènà rẹ̀.

V. ỌMỌ TÍ KÒ RÍRAN DÁADÁA

Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ìríran tí kò pé kò mọ̀ pé kò pé. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń rí ayé. Nítorí náà kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. A máa ṣẹ́jú, a máa fún ojú pọ̀, a máa gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì máa súnmọ́ ohun tí ó ń wò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá fi nọ́ńbà orin sí ojú pátákó, a máa wo ìwé ẹnìkejì dípò pátákó náà. Ní ilé ìwé, olùkọ́ lè kà á sí olódo, nígbà tí ó jẹ́ pé kò rí ohun tí a kọ ni.

Òmíràn wà tí ojú rẹ̀ kan a máa ṣáko lọ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, a sì máa pa ojú kan dé bí ó bá jáde sí oòrùn. Kí a má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, kí a má sì sọ pé yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Láti kékeré ni ọpọlọ ti ń kọ́ bí a ti ń lo ojú. Bí ojú kan kò bá fi àwòrán tí ó mọ́ ránṣẹ́ sí i, ọpọlọ a pa ojú náà tì. Bí ọmọ bá ti kọjá nǹkan bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ kí a tó fún un ní awò ojú, ìríran náà lè ṣàìpadà bọ̀ sípò mọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

VI. ÀṢÀ IṢAN

Àwọn ọmọ kan wà tí ojú wọn mọ́, tí kò yún wọn, tí wọ́n sì ríran kedere, síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́jú. Èyí jẹ́ àṣà iṣan: iṣan ìpéǹpéjú ń já fúnra rẹ̀, ọmọ kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, nínú ọkùnrin ju obìnrin lọ. A máa pọ̀ nígbà tí ó bá rẹ ọmọ, tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà á, tàbí tí inú rẹ̀ bá dùn jù; bí ó bá sùn, a dáwọ́ dúró. Ọmọ lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ bí a bá sọ fún un, ṣùgbọ́n yóò tún padà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó di sísín mọ́nú.

Oògùn rẹ̀ ni kí a má ṣe sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹgba kò wò ó sàn. Ẹgba ń fi ẹ̀rù kún un, ẹ̀rù sì ni oúnjẹ rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa lọ fúnra rẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Bí ó bá kọjá ọdún kan, tí ọmọ sì tún ń ju èjìká tàbí ń ké gbólóhùn kúkúrú láìfẹ́, kí a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Gilles de la Tourette, dókítà ará Faransé, ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1885. Kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́, kì í sì í ṣe ìwà búburú.

Ní ayé òde òní, fóònù ti darapọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ fóònù kì í ṣẹ́jú tó. Ojú a gbẹ, nígbà tí ó bá sì gbé e sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú láti san gbèsè náà. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

VII. WÁRÁPÁ TÍ KÌ Í GBÉ ỌMỌ ṢUBÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ wárápá tí ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Díẹ̀ ni ó mọ èyí tí kì í gbé ọmọ ṣubú. Ọmọ ń jẹun lọ́wọ́. Òkèlè a dúró ní ọwọ́ rẹ̀. A tẹjú mọ́ ibì kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. A pè é, kò dáhùn. Kí a tó ka ení dé ogún, ó ti padà, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, olùkọ́ a sì máa sọ pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àṣà iṣan rọrùn láti mọ̀. Ọmọ tí ó ní àṣà iṣan ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń dáhùn bí ó ti ń ṣẹ́jú. Èyí kò gbọ́ rárá. Wárápá kì í ràn, itọ́ rẹ̀ kì í sì í kó bá ẹlòmíràn. Oògùn tí ń dá a dúró wà ní ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá sì lò ó déédéé ni ń kàwé bí ẹgbẹ́ wọn.

VIII. OÚNJẸ ÀTI ÈÈYI

Ojú tí kò rí fítámìn A gbà a máa gbẹ. Àmì àkọ́kọ́ ni pé ọmọ kò ríran ní ìrọ̀lẹ́. A máa kọsẹ̀ lára àga tí ó mọ̀ ní ọ̀sán. Lẹ́yìn èyí, iwájú ẹyinjú a pàdánù dídán rẹ̀, àbàwọ́n bí ìfófòó a sì lè hàn lára funfun ojú. Bí èèyi bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àrùn tí ń mú ibà wá tí ara ọmọ sì fi ń yọ wẹ́wẹ́, ojú náà lè fọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ilẹ̀ Èkìtì kò ṣaláìní ohun tí ó yẹ. Epo pupa wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà, ìbẹ́pẹ àti máńgòrò pípọ́n wà, ẹyin adìẹ náà wà. Ṣùgbọ́n epo tí a bá yọ́ lórí iná títí tí ó fi di funfun ti pàdánù ohun tí ó dára fún ojú. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kí ìyá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, àti lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù 15, kí ó sì jẹ́ kí ó máa gba fítámìn A ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti oṣù mẹ́fà títí di ọdún márùn-ún.

IX. ÀMÌ TÍ KÌ Í DÚRÓ DÉ Ọ̀LA

Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá bá ṣíṣẹ́jú rìn, kí òbí má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà:

1. Bí ọmọlójú bá ń tàn funfun bí ti ológbò, tàbí tí ó funfun nínú àwòrán tí a fi fóònù yà nígbà tí ti ojú kejì pupa. Èyí lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú tí ń mú ọmọ kékeré. Bí a bá tètè mú un, a lè gba ẹ̀mí ọmọ là.
2. Bí ojú ọmọ ọwọ́ bá tóbi ju bí ó ti yẹ, tí omi ń dà nínú rẹ̀, tí ó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa yin irú ojú ńlá bẹ́ẹ̀ pé ó lẹ́wà. Nígbà mìíràn, omi inú ẹyinjú tí kò rí ọ̀nà jáde ni ó ń fẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń pa iṣan ìríran.
3. Bí àbàwọ́n funfun bá wà lára dúdú ojú.
4. Bí ọmọ kò bá lè là ojú rẹ̀ rárá, tàbí tí ó ń ké nítorí ìrora.
5. Bí nǹkan bá gún ojú, tàbí tí oògùn olóró ta sí i.

X. OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ OJÚ ỌMỌ

Àwọn dókítà ojú ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì pé ọ̀pọ̀ ojú tí ó fọ́ kì í ṣe àrùn àkọ́kọ́ ni ó fọ́ ọ, bí kò ṣe ohun tí a dà sí i. Ìtọ̀, oje ewé, omi ṣúgà, omi iyọ̀, àti omi ọmú pẹ̀lú, kò sí ọ̀kan tí ó yẹ fún ojú tí ń dun ọmọ. Ewé tí ó dára nínú ọbẹ̀ lè gbé kòkòrò àìrí sínú ojú, kòkòrò náà a sì jẹ iwájú ẹyinjú. Kò sí àbùkù fún àwọn àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ewé tí ó wúlò fún ikùn kò di dandan kí ó wúlò fún ojú.

Oògùn òyìnbó náà ní ewu tirẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, a máa ń ta oògùn ojú kan tí ó ní sítẹ́rọ́ìdì. Bí a bá kán an, yíyún a dúró kíá, ìyá a sì yọ̀. A tún rà á, a tún kán an, oṣù a gorí oṣù. Ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, oògùn náà lè mú kí omi inú ẹyinjú fún iṣan ìríran pa, tàbí kí ó mú ìkùukùu bo inú ojú. Ìríran tí ó bá bá iṣan ìríran tí ó kú lọ kì í padà. Nítorí náà, kí a má ṣe lo oògùn ojú tí dókítà fún ọmọ ẹlòmíràn, kí a má sì lo èyí tí ó kù láti ọdún tí ó kọjá.

XI. BÍ A ṢE Ń YẸ ỌMỌ WÒ NÍ ILÉ

Kí òbí kíyèsí ọmọ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsọ fún un, kí ó sì mọ ìdáhùn sí ìwọ̀nyí: Ojú kan ni tàbí méjèèjì? Ó ha ń yún un, tàbí ó ń dùn ún? Ó ha pọ́n, ó ha ń ṣe omi tàbí ipin? Nígbà wo ni ó ń pọ̀: nínú oòrùn, nínú èéfín, nígbà ìwé kíkà, tàbí nígbà tí a bá bá a wí? Bí a bá pè é nígbà tí ó ń ṣẹ́jú, ó ha ń dáhùn? Kí a sì fi ọwọ́ bo ojú kan lẹ́yìn èkejì, kí a wò ó bóyá ó mọ ẹni tí ó dúró ní òkèèrè. Ọmọ tí ó bá ń bínú tí ó sì ń ti ọwọ́ dànù nígbà tí a bo ojú kan, ṣùgbọ́n tí kò bìkítà nígbà tí a bo èkejì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń ríran.

Òbí tí ó bá mú ìdáhùn wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà. Bí ṣíṣẹ́jú náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìdínkù, kí ó mú ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà ojú. Ọ̀nà náà kò jìn bí ti àtijọ́. Ilé ìwòsàn ti Ìdó-Èkìtì, tí Ìjọba Àpapọ̀ gbà ní 1998, tí ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2014, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó. Owó ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé tàbí láti Ọ̀yẹ́ kò tó ohun tí a lè fi wé ojú ọmọ.

Àgbẹ̀ tí ó bá rí i tí ewé kòkó rẹ̀ ń pọ́n kì í na igi náà, kì í sì í da ohun tí kò mọ̀ sí gbòǹgbò rẹ̀. A yẹ ewé wò, a yẹ èèpo wò, a sì bi ẹni tí ó mọ̀. Ohun tí ó tọ́ sí igi tọ́ sí ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni ìpéǹpéjú ń ṣe fún ẹyinjú nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín yíyún ti ọyẹ́ àti Apolo?
3. Kí ni a óò ṣe ní oko bí oògùn kòkó bá ta sí ojú ọmọ?
4. Èé ṣe tí ẹgba kò fi lè wo àṣà iṣan sàn?
5. Dárúkọ àwọn àmì márùn-ún tí kì í dúró dé ọ̀la.